Ṣé nǹkan kan náà ni spell check àti AI tó ń báni kọ̀wé? Ẹ bá mi dá sí i

ÌyáTẹ̀wé_Ṣómólú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti àná, mo ní kí n gbé e wá síbí torí bí mo ṣe ń dá a rò yìí, ṣe ló túbọ̀ ń lọ́ pọ̀ mọ́ mi lójú.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, jọ́tà, ìwé ètò ìsìnkú, gbogbo ẹ̀ pátá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọbìnrin kan gbé ìwé ètò ìsìnkú ìyá màmá ẹ̀ wá, ojú ewé 32, aláwọ̀ látòkè délẹ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mo rí i pé Yorùbá ibẹ̀ ń dán, àmì ohùn wà lórí ẹ̀ bámúbámú, kọ́mà wà níbi tó yẹ kó wà. Inú mi dùn jàre. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí á mọ ohun tí mò ń sọ, torí ìdajì àsìkò wa la fi ń tún sípẹ́lì kọ́sítọ́mà ṣe, wọn ò sì ní sanwó ẹ̀.

Àfi ìgbà tí mo to ọ̀rọ̀ dé ojú ewé 9, níbi ìtàn ìgbésí ayé Mọ̀mí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Mọ̀mí fẹ́ràn kí wọ́n máa bomi rin òdòdó inú ọgbà wọn nírọ̀lẹ́, pé àwọn ọmọ-ọmọ á jókòó yí wọn ká lábẹ́ igi, wọ́n á máa pa àlọ́ fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Mo mọ ìyá yìí. Nígbà tí mo ṣì ń gbé ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà, ilé kejì sí tiwọn ni mo wà. Ẹja yíyan ni wọ́n tà ní ọjà Ọ̀yìngbò títí eegun ẹ̀yìn wọn fi ní ó tó. Yàrá kan ni wọ́n fi tọ́ ọmọ márùn-ún, ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí gan-an, àwọn ayálégbé ń jà lé e lórí, ọgbà wo? Òdòdó wo? Nírọ̀lẹ́ tí wọ́n ní wọ́n ń bomi rin òdòdó yẹn, ìdí àgbá ẹja ni wọ́n máa ń wà, ojú wọn á pọ́n wẹ̀ẹ̀ fún èéfín, wọ́n á máa fi ìka yí ẹja padà lórí wáyà, wọn kì í lo igi, ìka ni.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ti oríkì. Ará Ìkòyí ni wọ́n, Ìkòyí ilé o, kì í ṣe Ìkòyí tó wà lẹ́yìn Ọ́balẹ́ńdé. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni «ìjàkadì lorò Ọ̀fà». Wọ́n mú oríkì Ọ̀fà fún ọmọ Oníkòyí, ọjọ́ ìsìnkú, níwájú ẹbí!

Mo pe ọmọ náà. Mo ní, «Àbúrò, ta ló kọ èyí?» Ó ní AI ni, ó ní òun kàn sọ fún un pé ìyá àgbà òun kú, pé wọ́n fẹ́ràn ọmọ, pé ará Ìkòyí ni wọ́n, kó bá òun kọ ọ́ kó gùn dáadáa. Mo ní kí ló dé tí o fi ṣe bẹ́ẹ̀? Ó ní, «Àǹtí, ṣebí ẹ̀yin náà máa ń lo spell check kí ẹ tó tẹ̀wé, kí ni ìyàtọ̀?»

Spell check tó ń wí ni ohun tó ń tọ́ka sípẹ́lì tó ṣì fún wa nínú kọ̀ǹpútà. Mi ò rí èsì fún un. Mo mọ̀ nínú mi pé ìyàtọ̀ wà, àmọ́ ẹnu mi ò gbé e. Ẹ bá mi sọ ọ́.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó

Tèmi o, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan. Kọ̀ǹpútà ni méjèèjì, ìrànlọ́wọ́ ni méjèèjì. Nígbà tí kakulétọ̀ dé, ṣebí wọ́n ní àwọn ọmọ ò ní mọ ìṣirò mọ́. Ọmọ yẹn ò ka ohun tó fi ránṣẹ́ ni, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi AI. Tí èmi náà bá lo spell check tí mi ò tún ìwé mi kà kí n tó fi ránṣẹ́, ẹ̀bi mi ni. Ẹ̀bi kan náà, nǹkan kan náà.

Kóòdù_Yaba

Àǹtí, ẹ jẹ́ n tú u palẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, torí iṣẹ́ òòjọ́ mi nìyẹn.

Spell check ìpilẹ̀ṣẹ̀, àkójọ ọ̀rọ̀ ló gbójú lé. Ralph Gorin kọ ọ̀kan ní Stanford ní 1971, SPELL ni wọ́n pè é, ọ̀pọ̀ èyí tó tẹ̀lé e ló sì jọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí o bá tẹ̀ tí kò sí nínú àkójọ yẹn, ó máa fi hàn ọ́. Tó bá fẹ́ mọ ohun tí o ní lọ́kàn, á ka iye lẹ́tà tó yẹ kí wọ́n yọ, tàbí kí wọ́n fi kún un, tàbí kí wọ́n pààrọ̀. Ọmọ Rọ́ṣíà kan, Vladimir Levenshtein, ló gbé irú kíkà bẹ́ẹ̀ jáde ní 1965. O tẹ «adress», lẹ́tà kan péré ló kù kó di «address», ó nawọ́ ẹ̀ sí ọ, ó tán. Kò mọ̀ bóyá àdírẹ́sì Lafiaji ni tàbí ti Mushin, kò sì kàn án.

AI bíi ChatGPT (November 2022 ni ìyẹn dé ọwọ́ gbogbo ayé) kì í wo àkójọ. Wọ́n ti fi ìwé tí kò lóǹkà kọ́ ọ, ohun tó sì ń ṣe ni pé ó ń méfò ọ̀rọ̀ tó yẹ kó kàn, tó bá ti gbé ìyẹn kalẹ̀, á tún méfò èyí tó tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí. Ìwọ sọ fún un pé ìyá àgbà kan kú, wọ́n fẹ́ràn ọmọ. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tó ti kà, ìyá àgbà tó fẹ́ràn ọmọ máa ń ní ọgbà, ó máa ń ní òdòdó, torí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìwé yẹn, ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ti kọ wọ́n. Ó jọ pé ibẹ̀ lòdòdó ti wá. Ẹja ò wọlé torí kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún yín, ààlà tó wà láàárín wọn ti ń parẹ́. Láti 2018 ni Gmail ti ń bá èèyàn parí gbólóhùn. Spell check tó wà lórí fóònù yín báyìí, díẹ̀ nínú ọgbọ́n kan náà ló wà níbẹ̀. Tí ẹ bá bi mí pé ibo ni ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀, mi ò lè fi ìka tọ́ ọ fún yín nínú kóòdù.

BàbáPrúùfù

Ẹ kú àpérò o, ẹ̀yin ọmọ. Ọmọ mi ló ka ọ̀rọ̀ yín sí mi létí, mo ní kó bá mi tẹ èyí torí ojú mi ò gbé fóònù mọ́, ohun tí mo bá sọ ló ń kọ.

Mo ti lé ní ẹni 70 ọdún. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ka prúùfù, ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń tẹ̀ kí wọ́n tó tẹ ojúlówó, nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan níbí l'Ékòó. Èèyàn méjì ló máa ń jókòó ti prúùfù kan nígbà náà. Ẹnì kan á mú ìwé tí oníròyìn kọ lọ́wọ́, á máa kà á sókè, ẹnì kejì á mú prúùfù, á máa fi ojú bá a lọ. Gbogbo ẹ̀ la máa ń kà, kọ́mà, fúlùsítọ́ọ̀pù, lẹ́tà ńlá, títí ọ̀fun á fi gbẹ.

Òfin kan wà tí ọ̀gá mi fi lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo wọlé. Tí sípẹ́lì bá ṣì, tún un ṣe, má da ẹnikẹ́ni láàmú. Tí ọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀ bá rú ẹ lójú, má fọwọ́ kàn án. Fa ilà sí i, kọ àmì ìbéèrè sí etí ìwé, kí o gbé e padà fún ẹni tó kọ ọ́. Ní 1990 tí wọ́n ṣí Third Mainland Bridge, ìwé kan dé ọwọ́ mi tí wọ́n kọ gígùn afárá náà sí kìlómítà 118. Mo mọ̀ pé 11.8 ni, ọmọdé gan-an mọ̀ pé afárá ò lè ti Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣókí gùn dé Ìbàdàn. Síbẹ̀ mi ò tún un ṣe. Mo kọ àmì ìbéèrè, mo ní kí wọ́n gbé e lọ fún ọ̀dọ́kùnrin tó kọ ọ́. Ó rí i, ó dúpẹ́, òun fúnra ẹ̀ ló fi ọwọ́ ara ẹ̀ fi póìntì sí i.

Ilà pupa tí spell check ń fà yẹn, àmì ìbéèrè tiwa nìyẹn. Ó ń bi yín ni. Ohun tí ìyá tó ń tẹ̀wé yìí ròyìn fún wa, kò bi ọmọ náà ní nǹkan kan. Kò bi í pé, iṣẹ́ wo ni màmá yín ṣe? Kò bi í pé, ṣé wọ́n lọ́gbà nílé? Níbi tí kò mọ̀, ó dí i. Nílé iṣẹ́ wa, ẹni tó bá dí àlàfo láìbéèrè, wọ́n máa lé e lọ ni.

Ọ̀gá_Pléètì

Bàbá, ẹ kú làálàá o, ẹ má bínú pé mo fẹ́ takò yín díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni spell check ń béèrè o. Ṣómólú ni èmi náà wà. Lọ́dún kan mo tẹ káàdì ìgbéyàwó 300, ọkọ ìyàwó ń jẹ́ Jídé. Fóònù ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ti sọ ọ́ di Jade, kò bi í, kò fà á nílà, ó kàn pa á dà ní kọ̀rọ̀. Èmi náà ò kíyè sí i torí orúkọ lèmi náà pè é. Ìyàwó wo káàdì, ó bú sẹ́kún. Tí kì í bá ṣe pé wọ́n ti fọwọ́ sí prúùfù kí n tó lọ ṣe pléètì tí a fi ń tẹ̀wé, èmi ni mo máa jẹ gbèsè bébà.

Torí náà, ẹni tó bá ní spell check kì í fi ọ̀rọ̀ sí èèyàn lẹ́nu, kó wá wo káàdì tó ṣẹ́ kù sí abẹ́ tábìlì mi.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó

@Ọ̀gá_Pléètì ẹ ṣé gan-an ni. Ohun tí mo ń sọ nìyẹn. Ọ̀kan yí orúkọ padà, ọ̀kan yí ìtàn padà.

Kóòdù_Yaba

@Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó rárá o, ọ̀rẹ́ mi. Orúkọ tó yí padà, ojú lásán lèèyàn fi ń rí i. Ìyàwó rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ìtàn tó yí padà, Yorùbá ẹ̀ dán, kò sí lẹ́tà kan tó ṣì níbẹ̀, tí kì í bá ṣe pé Àǹtí mọ ìyá náà, inú pósí ló máa bá a lọ. Ibi tó léwu nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí mo fojú ara mi rí. Mo ní kí AI kan bá mi kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, kó fi òwe sí i. Ó kọ ọ́ pé «bí ọmọdé bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn, bí àgbà bá ṣubú, á wo iwájú». Ẹ rí i? Ọmọdé ló ń wo iwájú, àgbà ló ń wo ẹ̀yìn! Ó yí òwe lórí kodò. Ẹ gbé e fún spell check tó dáa jù láyé, kò ní rí nǹkan kan wí, torí gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ló pé. Ká ní mo fi ránṣẹ́ ni, ìpàdé ẹbí ni wọ́n á ti dá mi lẹ́jọ́.

Ti Yorùbá tún wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igba, igbá, ìgbà, igbà, lẹ́tà kan náà, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, spell check tí kò ka àmì ohùn ò lè yà wọ́n. Àmì ohùn gan-an ní wàhálà tiẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà: é ní kóòdù kan ṣoṣo tiẹ̀ ní Unicode (àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀), ẹ́ ò ní, lẹ́tà ẹ pẹ̀lú àmì tí wọ́n gbé kà á lórí ni. Ẹnì kan lè kọ́kọ́ tẹ àmì ìsàlẹ̀, ẹlòmíì á kọ́kọ́ tẹ tòkè, ojú wa á rí ọ̀rọ̀ kan náà, kọ̀ǹpútà tí wọn ò bá kọ́ á ní méjì ni. Ìyẹn, àti pé orúkọ wa ò sí nínú àkójọ ọ̀rọ̀ ẹ̀, ló fà á tí fóònù fi ń fa ilà pupa sábẹ́ orúkọ wa títí dòní bí ẹni pé a ṣì í kọ.

Tíṣà_Ṣúúrùlérè

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń kọ́ English ní SS2 sọ tèmi, torí lójú mi ọ̀rọ̀ yìí ò ṣòro tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣe WAEC, ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń máàkì essay? Máàkì 50 ni. Content 10, Organisation 10, Expression 20, Mechanical Accuracy 10. Sípẹ́lì àti kọ́mà, inú Mechanical Accuracy ni wọ́n wà. Spell check, tó bá sa gbogbo ipá ẹ̀, 10 tó gbẹ̀yìn yẹn ló lè ràn ẹ́ lọ́wọ́ lé lórí. 40 tó kù, ohun tí o ní sọ, bí o ṣe tò ó, ohùn tí o fi sọ ọ́, ìwọ lo ni ín. AI kó gbogbo 50. Ìyàtọ̀ nìyẹn, ó wà nínú ìwé máàkì láti ọjọ́ tó ti pẹ́ kí AI tó dé.

Mo fún àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ilé, kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n wọn tó wà lókè òkun, kí wọ́n sọ ohun tó ti yí padà ládùúgbò. Ọmọ mẹ́rin ló kọ ọ́ pé afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ láàárín àwọn igi tó tò sí òpópónà wọn. Mo mọ òpópónà wọn. Ọmọ karùn-ún, sípẹ́lì ẹ̀ burú, ó burú gan-an, àmọ́ ó kọ ọ́ pé ìyá oníàkàrà tó wà níwájú ilé wọn ti kó lọ, pé àpótí tó máa ń jókòó lé ṣì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo jókòó síbẹ̀ mo ń wo ìwé yẹn. Mo fa ilà sábẹ́ sípẹ́lì tó ṣì, mọ́kànlá, mo sì fún un ní máàkì tó ga jù nínú kíláàsì.

Ohun tí ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí ni pé àwọn mẹ́rin yẹn náà ní ìyá oníàkàrà tiwọn. Wọn ò wò ó.

Àkẹ́kọ̀ọ́_Akọ́kà

Ẹ kú iṣẹ́ o mà. Mo gbọ́ yín, mo sì fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbàgbé àwa tí wọ́n ń fi ẹ̀sùn AI kàn láìṣẹ̀.

Mo fi ọwọ́ ara mi kọ iṣẹ́ kan, òru mẹ́ta, pẹ̀lú iná jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, olùkọ́ mi kan ní AI ló kọ ọ́ torí «English ẹ̀ ti pọ̀ jù». Ó gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń dá AI mọ̀, ẹ̀rọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo fi spell check nìkan tún un ṣe! Mo bẹ̀bẹ̀ títí. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo wá kà á pé ní 2023 àwọn oníwàádìí ní Stanford gbé essay 91 láti inú TOEFL, ìdánwò English, tí àwọn tí English kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ méje, ó lé ní ìdajì tí wọ́n ní AI ló kọ. OpenAI tó ṣe ChatGPT gan-an, July 2023 ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tiwọn tó ń dá AI mọ̀ kúrò nílẹ̀, torí ohun tó ń sọ kì í sábà tọ̀nà.

Ẹ tún rántí April 2024, tí Paul Graham, òyìnbó olówó tó ń fowó sí ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kọ ọ́ sórí X pé ẹnì kan kọ̀wé sí òun, òun sì rí «delve» (ọ̀rọ̀ English tó túmọ̀ sí kí èèyàn walẹ̀ jìn sínú ọ̀rọ̀) nínú ẹ̀, bí ẹni pé àmì AI ni ọ̀rọ̀ yẹn. Àwa ọmọ Nàìjíríà ò sùn lọ́jọ́ yẹn. Ṣebí irú English tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn, tí wọ́n fún wa ní máàkì lé lórí! Tí o bá sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ wọ́n á ní o ò kàwé, tí o bá sọ ọ́ ńlá wọ́n á ní ẹ̀rọ ni ọ́.

Torí náà tí ẹ bá ń wá ìyàtọ̀, ẹ má wá a lójú ìwé. Kò sí níbẹ̀. Ẹ bi ẹni tó kọ ọ́ ní ìbéèrè nípa ohun tó kọ. Ká ní olùkọ́ mi bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo ni, ì bá ti mọ̀.

Léèsì_Balógun

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí oníṣòwò náà sọ̀rọ̀. Ní SS1 ni mo dúró, bàbá mi kú, mo bọ́ sọ́jà. Léèsì ni mò ń tà ní Balógun, mo sì ń tà á fún àwọn tó wà ní London àti Canada lórí Instagram. Kí AI tó dé, ọmọ kan ló ń bá mi kọ èsì, tí inú ẹ̀ ò bá dùn kò ní kọ ọ́, kọ́sítọ́mà á lọ. Báyìí, mo sọ ọ́ ní Yorùbá, AI á kọ ọ́ ní English, àwọn èèyàn á dá mi lóhùn bí ọmọlúàbí. Wọn ò fi English mi wò mí tìkà tẹ̀gbin mọ́. Ẹ má pe ìyẹn ní olè o, mi ò jí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ mi ni, òun ló kàn bá mi gbé e lọ.

Àmọ́ mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ torí Ìyá Tẹ̀wé. Mo ní kó bá mi kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ léèsì búlúù kan. Léèsì tèmi, yáàdì 5 ni mo ń dì í. Ó kọ yáàdì 6, bóyá torí àǹkárá ló rò. Mi ò rí i, mo gbé e sókè. Obìnrin kan ní Manchester sanwó ìdì mẹ́ta fún aṣọ ẹbí, ẹrù dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó wọ̀n ọ́n, ó ní yáàdì mẹ́ta òun dà? Mo ti gé e láti inú ìdì míì, mo fi ránṣẹ́, owó ọkọ̀ òfuurufú gan-an lé ní owó aṣọ. Ta ló san án? Èmi ni.

Láti ọjọ́ yẹn, ọmọbìnrin mi tó wà ní JSS3 ló máa ń ka ohun tó bá kọ padà sí mi ní Yorùbá kí n tó gbé e jáde, gbogbo nọ́ńbà ibẹ̀ ni mo máa ń ní kó tún kà lẹ́ẹ̀mejì.

Akọ̀wéLọ́yà_Ìgbóṣeré

Àǹtí Léèsì, ẹ ò mọ̀ pé òfin lẹ ń pa mọ́ yẹn.

Ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Ìgbóṣeré ni mo ti ń ṣiṣẹ́, láti ìgbà tí ilé ẹjọ́ ibẹ̀ kò tíì jóná ní 2020. Òfin kan wà l'Ékòó tí wọ́n ń pè ní Illiterates Protection Law, láti ayé àwọn òyìnbó ló ti ṣẹ̀ wá. Ní àtijọ́, tí ìyá oníṣòwò kan bá fẹ́ kọ̀wé sí gómìnà tàbí sí onílé, á lọ bá akọ̀wé onítáípì, á sọ ọ́ ní Yorùbá, akọ̀wé á fi English ńláńlá gbé e kalẹ̀. Àwọn kan á fi ohun tí ìyá náà ò sọ kún un. Á tẹ̀ka sí i láìmọ̀, ó ti jẹ́wọ́ gbèsè, ó ti ta ilẹ̀. Ohun tí òfin náà wá sọ ni pé ẹni tó bá báni kọ ọ́ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ara ẹ̀ àti àdírẹ́sì ẹ̀ sórí ìwé náà. Bó bá sì ti kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀, ó ti ń sọ pé ohun tí wọ́n rán òun ni òun kọ láìfi kún láìyọ kúrò, pé òun kà á fún oníwèé, òun túmọ̀ ẹ̀ fún un kó tó fọwọ́ sí i.

Ọlọ́jà tó kọ́ akọ̀wé, wọn ò bá a wí. Òfin ò sọ pé kó má lo akọ̀wé. Ohun tí òfin ń fẹ́ ni pé ká mọ ẹni tó kọ ọ́, kí wọ́n sì kà á fún un. Kò sí ẹni tó ní kí ìwé atúmọ̀ èdè tó wà lórí tábìlì akọ̀wé buwọ́ lùwé, torí ìwé atúmọ̀ èdè kì í sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹnì kan. Spell check, ìwé atúmọ̀ èdè ni. AI, akọ̀wé ni. Akọ̀wé tí kò ní orúkọ tí kò ní àdírẹ́sì, tí kò sì lè dúró níwájú adájọ́.

Ẹ ti gbọ́ ti àwọn lọ́yà New York, nínú ẹjọ́ Mata v. Avianca, 2023? Wọ́n ní kí ChatGPT bá wọn wá ẹjọ́ tó ti wáyé rí tó lè gbè wọ́n lẹ́yìn, ó kó ẹjọ́ tí kò ṣẹlẹ̀ rí fún wọn, pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Adájọ́ bu owó ìtanràn $5,000 lé wọn lórí. Kò sẹ́ni tó pe ChatGPT lẹ́jọ́, orúkọ àwọn lọ́yà ló wà lórí ìwé.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó

Ó dáa, mo gbà, ti akọ̀wé yẹn wọ̀ mí létí. Mo jọ̀wọ́ èyí tí mo sọ pé nǹkan kan náà ni. Àmọ́ èyí tí mo sọ nípa ẹ̀bi, mi ò jọ̀wọ́ ẹ̀ o. Ọmọ yẹn ì bá ti kà á. Ìyá àgbà ẹ̀ ni.

BàbáPrúùfù

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ṣé ẹ mọ̀ bóyá ó lè kà á? Ẹ rọra.

ÌyáTẹ̀wé_Ṣómólú

Bàbá, ẹ ṣé, ojú yín ríran. Mo ń bọ̀ síbẹ̀.

Mo kà gbogbo ohun tí ẹ kọ lánàá, mo pe ọmọ náà kó wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò lè ka Yorùbá tó ní àmì ohùn. Ilé ìwé tó lọ, tí o bá sọ Yorùbá wọ́n á ní kí o sanwó ìtanràn. Ó rí ọ̀rọ̀ gígùn tó ń dán, ó rò pé bó ṣe yẹ kí wọ́n máa kọ̀wé fún àgbàlagbà nìyẹn, ó ní ojú ń ti òun láti kọ èyí tí òun lè kọ. Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ti bá a wí jù lórí fóònù, mo bẹ̀ ẹ́.

Mo wá ṣe bí Bàbá ṣe wí. Mo mú bírò, mo ń fa ilà sí ojú ewé 9 náà, gbogbo ibi tí mo ti rí irọ́ mo kọ àmì ìbéèrè, mo sì ń bi í. Òdòdó? Ó ní rárá. Kí ni wọ́n máa ń ṣe nírọ̀lẹ́? Ó ní wọ́n máa ń ka owó, wọ́n á tẹ́ ìró sílẹ̀, wọ́n á to owó ní ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún, tí ọmọ bá fọwọ́ kàn án wọ́n á gbá a lọ́wọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á fún un ní èyí tó rí pálapàla jù. Àlọ́ ńkọ́? Wọn kì í pàlọ́, ó ti máa ń rẹ̀ wọ́n. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń tẹ̀ ẹ́, ẹnu ẹ̀ gan-an, mo kàn ń fi àmì ohùn sí i. Nígbà tí a parí, mo kà á padà fún un látòkè délẹ̀. Ó ní kí n yọ ibì kan, mo yọ ọ́.

Ti oríkì, a pe àbúrò Mọ̀mí lórí fóònù, wọ́n wà ní Mushin. Màmá náà bẹ̀rẹ̀ láìdúró, «ẹ̀ṣọ́ kì í gba ọfà lẹ́yìn, iwájú gangan ni ẹ̀ṣọ́ fi ń gba ọgbẹ́», wọ́n ń sọ ọ́ lọ, ọmọ náà ń gbà á sínú fóònù ẹ̀. Mo ṣì ń tẹ ìyẹn lọ́wọ́, ó gùn, ibì kan wà tí ohùn wọn ò já geere, mo fi àmì ìbéèrè síbẹ̀, màá pè wọ́n lọ́la.

Nítorí Akọ̀wéLọ́yà, mo fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé náà pé ọmọ-ọmọ ló sọ ọ́, mo sì fi orúkọ mi àti àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù sí i pé èmi ni mo bá a kọ ọ́. Jímọ̀ ni ìsìnkú. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tó wà níbẹ̀ báyìí rèé, bó ṣe jáde lẹ́nu ọmọ náà ni mo ṣe fi í sílẹ̀: «Ìka ni màmá mi fi ń yí ẹja, kì í jó wọn.»